Ẹsẹ̀ Mi Lórí Gíríìnì Keje

Ẹnu Baba Dúró, ọ̀gá wa, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó da bẹntiróòlù sórí koríko. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí a ń kó irinṣẹ́ sí, èmi sì dúró níwájú wọn, fìlà mi wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nígbà kan, òṣìṣẹ́ kan wà ní pápá gọ́ọ̀fù yìí kan náà, tí ìmẹ́lẹ́ kò jẹ́ kó ti mówà tó fi ń gé koríko kúrò lórí gíríìnì kó tó rọ epo sí i. Orí koríko níbẹ̀ ló ti rọ ọ́. Epo dà sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú ibẹ̀ ti jó, ó rí roboto bí ìdí ìkòkò. Wọ́n bi gbogbo òṣìṣẹ́ léèrè, ọkùnrin náà dákẹ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n lé lọ.

Baba Dúró wá wò mí lójú. "Ìwọ ńkọ́? Ká ní ìwọ ni, ṣé wàá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Màá sọ̀rọ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ mú ọ̀bẹ."

Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mùfútàù ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú, àmọ́ Agége ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé: mo ń yọ koríko kúrò nínú koríko. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un. Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gbà wá lákòókò: ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣọ́ géètì níbẹ̀, ó ní wọ́n ń wá ẹni tí orúnkún rẹ̀ le. Owó oṣù ibẹ̀, a fi jẹun, a fi rán ọmọ nílé ẹ̀kọ́, nígbà tó yá a fi kọ́ yàrá mẹ́ta sí Ìjú. Ó parí.

Fún ẹni tí kò bá tíì tẹ pápá gọ́ọ̀fù rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gíríìnì ni ibi tí koríko ti kúrú jù lọ, tó tẹ́ bí ẹní, tí ihò wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù lè fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ṣùgbọ́n tó bá ti dé orí gíríìnì, jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n á máa tì í lọ sínú ihò. Bí nǹkan tó kéré bí èékánná bá wà lọ́nà, bọ́ọ̀lù á yà. Ohun tó sì máa ń wà lọ́nà jù ni gbégi.

Ẹ mọ gbégi dáadáa. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín báyìí. Òun ni koríko tí ìdí rẹ̀ funfun, tí ewé rẹ̀ là sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bí sípóòkì kẹ̀kẹ́, tí ẹ bá fà á, ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ bó. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi le, ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Ìdí nìyí tó fi máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, níbi tí gbogbo ènìyàn máa ń dúró sí. Mówà kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá gbúròó mówà, ṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, mówà á gba orí rẹ̀ kọjá, á gé bàmúdà, koríko tí a dìídì gbìn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi òun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún dìde.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Baba Dúró kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan mówà. Ọ̀bẹ ni wọ́n fún mi, èyí tí wọ́n fi abẹ ayùn irin ṣe, tí wọ́n fi tọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wé ìdí rẹ̀. Wọ́n fún mi ní àpò tí mo ń so mọ́ ìbàdí, wọ́n sì ní kí n lọ gé táyà àlòkù, kí n so ó mọ́ orúnkún mi méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka òfin fún mi. Bàtà kò gbọdọ̀ gun gíríìnì. Ẹsẹ̀ lásán ni, a ó sì kọ́kọ́ nù ún. A kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀. Gbégi tó bá ti kúrò nílẹ̀ kò gbọdọ̀ padà fara kan ilẹ̀, inú àpò ló ń lọ tààrà, torí pé èso rẹ̀ ń gbọ̀n dànù bí iyọ̀. Bí a bá yọ ọ́ tán, a ó fi iyanrìn dí ojú ibẹ̀, a ó fi bàmúdà díẹ̀ sí i, a ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. A kò gbọdọ̀ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Baba Dúró á da àpò mi sórí àpò sìmẹ́ǹtì kan, wọ́n á máa gbé gbégi náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

"Èyí, gbòǹgbò rẹ̀ dà?"

"Ó já, sà."

"Ó já síbo?"

"Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, sà."

"Tó bá hù lọ́la, ta ló gbìn ín?"

Èmi náà ni màá padà lọ wá gbòǹgbò, oòrùn ti ń wọ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sílé. Ọmọ Èkìtì ni Baba Dúró, wọn kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé pé Ìjẹ̀bú ni mí. Wọ́n á ní, "Ìjẹ̀bú, gààrí kọ́ lo ń bù yẹn o. Gbẹ́ ẹ jinlẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi Síkírù, tí a jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà, á máa rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. Síkírù kì í yé sọ̀rọ̀. Tó bá ń yọ gbégi, ṣe ló máa ń bú u bí ìyàálé tó rí orogún rẹ̀: "O tún dé! Ìwọ àti ta ni? Ta ló pè ọ́?"

Lọ́dún kẹfà ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀.

Ìparí òjò ni. Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn àlejò máa wá láti ibi púpọ̀, máníjà sì ti ń rìn kiri bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Lójú pátákó iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Síkírù ni wọ́n kọ pé kó gbé páǹpù ẹ̀yìn, kó fọ́n oògùn apakoríko sí etí gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíríìnì keje. Oògùn yẹn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín koríko dáadáa àti koríko burúkú. Ohun gbogbo tó bá ti ní ewé, ó ń pa á ni. Ṣùgbọ́n eyín ń dun Síkírù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi odidi àkàrà sẹ́nu. Mo ní kó máa lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ eyín, kó fi páǹpù sílẹ̀ fún mi. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan láàárín wa.

Páǹpù náà ń jò. Mo rí i. Ó ń kán tó, tó, sórí bàtà òjò mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé tí mo bá ṣe tán màá fọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti ń fọ́n oògùn lọ ni mo ti gbójú sókè, mo sì rí i. Gbégi kan. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò gíríìnì keje bí ẹni tó wá gba àlejò. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ lẹ́yìn igi. Tí wọ́n bá bá a níbẹ̀, wọ́n á sọ fún máníjà, máníjà á sọ fún Baba Dúró, Baba Dúró á sì bèèrè ẹni tó ni gíríìnì keje. Èmi ni mo ni ín.

Mo sọ páǹpù kalẹ̀, mo sáré lọ, mo yọ ọ́ tigbòǹgbò tigbòǹgbò, mo jù ú sápò, mo sáré padà. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Inú mi dùn gan-an. Mo dé inú ṣẹ́ẹ̀dì kí n tó wo ẹsẹ̀ mi, tí mo rí i pé bàtà ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní kò lè ṣe nǹkan. Oògùn tó wà lára bàtà ti gbẹ, mo ní. Mo gbàdúrà kí òjò rọ̀ kó fọ̀ ọ́. Òjò kò rọ̀.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mi jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ yé yín. Gíríìnì tútù minimini, ẹsẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sì tò lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, láti etí gọ́tà dé ibi ihò. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó yí padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìlà abẹ́ bàtà pàápàá hàn. Àwọn kádì tó ń gbé igi gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá pé jọ, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Òkú òyìnbó tó ṣe pápá yìí ló wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

"Irọ́ ni. Òyìnbó kì í wọ bàtà òjò."

Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Bàtà kan náà ni wọ́n pín fún gbogbo wa, nọ́ńbà ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa sì jọra, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí mi. Pátákó iṣẹ́ ni máníjà lọ wò. Orúkọ Síkírù ló bá níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ó ní tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí Síkírù kò bá ní àlàyé, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Síkírù kò sọ̀rọ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún dákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀ dé Sátidé. Ó kàn ń wò mí. Tí mo bá gbójú sókè, ó ń wò mí. Kò bínú o, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé ó máa dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Orégùn ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè.

"Tí o bá sọ, ṣé wọ́n máa lé ọ?"

"Òfin Baba Dúró ni. Ẹni tó bá ba gíríìnì jẹ́, kó má wulẹ̀ dúró kí wọ́n lé òun."

"Èmi náà á fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ yìí nítorí ọmọ. Kí la ó máa jẹ?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ó bó ẹ̀gẹ́ náà tán, ó gé e, ó kó o sínú omi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Síkírù ló gbé àga wa wá láti Agége lórí rẹ̀ nígbà tí a ń kó wá síbí. Orí rẹ̀ ni, Mùfú. Tí mo bá jókòó sórí àga yẹn lọ́la, ibo ni kí n máa wò?"

Ó gbé ẹ̀gẹ́ náà kaná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Baba Dúró wà lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni nígbà tí mo ní, "Èmi ni, sà. Èmi ni mo gbé páǹpù lọ́jọ́ náà. Eyín ń dun Síkírù."

Baba Dúró wò mí láti òkè délẹ̀, ojú wọn dúró lórí bàtà mi fúngbà díẹ̀.

"Kí lo wá lọ ṣe lórí gíríìnì?"

"Gbégi kan ni, Baba."

"Níbo?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, lápá òsì."

"O yọ ọ́?"

"Mo yọ ọ́, sà."

"Gbòǹgbò rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó pé, sà. Kò já."

Ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò tíì gbọ́ kí Baba Dúró rẹ́rìn-ín jáde rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi yẹ̀ nídìí wọn, tí Síkírù sáré dì wọ́n mú. Wọ́n nu ojú, wọ́n kọjú sí máníjà, wọ́n ní, "Sà, ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá ṣì hàn lọ́jọ́ ìdíje, kí èmi àti òun jọ máa lọ sílé." Máníjà wo pápá, ó wo wọ́n, ó mirí, ó sì jáde. Ẹ ò lè mọ bí àyà mi ṣe rọ̀. Ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀ kúrò lórí mi. Wọn kò tíì gbà mí là, ṣùgbọ́n àyà mi ti rọ̀.

Irin tí a fi ń gbẹ́ ihò tuntun la fi ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, Baba Dúró ní ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n gbin bàmúdà sí, tí wọ́n ń gé bí ti gíríìnì gan-an, tí wọn kì í jẹ́ kí adìyẹ tẹ̀. A ó gbẹ́ ibi tó kú kúrò, a ó gbẹ́ koríko tó yè láti ilẹ̀ yẹn, a ó fi í sínú rẹ̀, yóò ṣe wẹ́kú. Ẹsẹ̀ mọ́kànlélógójì ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ihò méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Síkírù wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ sì ti padà.

"Wo ẹsẹ̀! Ṣé ẹsẹ̀ nìyí ni àbí ọkọ̀ ojú omi?"

"Ṣáà máa gbẹ́."

"Tí o bá fẹ́ sáré lọ́jọ́ mìíràn, fò. Ẹsẹ̀ máa dín kù."

Lọ́jọ́ kẹta, Baba Dúró gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn wá sétí gíríìnì. Síkírù ti lọ bu omi. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ mi.

"Ọkùnrin tó da bẹntiróòlù sílẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí, "èmi ni."

Mo dáwọ́ dúró.

"Láwàní ni orúkọ ẹni tí wọ́n lé. Bí ìwọ àti Síkírù yìí ni a ṣe rí. Nígbà tí mo gbọ́n tó láti lọ wá a, mo wá a dé Ìfàkọ̀, mo wá a dé Àgbádo. Ilé tí mo bá, wọ́n ní ó ti kú lọ́dún tó kọjá." Wọ́n fi ìka tẹ etí ìdì koríko tuntun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá wọṣẹ́ ni mo máa ń bi ní ìbéèrè yẹn. Ìwọ lo fi ìṣe dá mi lóhùn. Tẹ ẹ̀gbẹ́ ibí yìí dáadáa, ó ti fẹ́ gbẹ."

Lọ́jọ́ ìdíje, èmi àti Síkírù fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Ọkùnrin kan ti bọ́ọ̀lù rẹ̀ láti etí gọ́tà gan-an. Bọ́ọ̀lù náà gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mo ń kà wọ́n nínú mi. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó dé ihò, ó jábọ́ sínú rẹ̀. Síkírù gbá mi mọ́ra bí ẹni pé èmi ni mo gbá a. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi bímọ obìnrin. Síkírù ló kọ́kọ́ dé ilé, orí àga yẹn ló sì jókòó sí.

Ohun tó kù kò gùn. Baba Dúró fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Èkìtì, wọ́n sì kú síbẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Èmi ni mo gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Mówà tí a ń tì kásẹ̀ nílẹ̀, èyí tí a ń gùn bí ẹṣin dé. Oògùn tuntun ń dé lọ́dọọdún, àwọn tó ń tà á á ní kò ní sí gbégi mọ́. Gbégi á tẹrí ba fún ọdún méjì, nígbà tó bá di ọdún kẹta á máa mu oògùn náà bí omi. Ẹ̀rọ tó ń gún ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé nìkan ló ràn wá lọ́wọ́ ní tòótọ́, torí pé ilẹ̀ tó bá rọ̀ kò wu gbégi í gbé. Ṣùgbọ́n títí mo fi jáde, kò sí òṣìṣẹ́ tuntun tí mi ò fún ní ọ̀bẹ, tí mi ò sì sọ ìtàn méjèèjì fún, ti bẹntiróòlù àti ti bàtà òjò. Mo máa ń dárúkọ mi nínú tèmi.

Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Orúnkún mi méjèèjì ń ké bí ìlẹ̀kùn, àmọ́ mo ń sùn dáadáa. Sìmẹ́ǹtì ni mo fi dá gbogbo àgbàlá mi ní Ìjú, kí n má baà tún rí koríko kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí gbégi kan tó hù láti inú ojú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán, lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Mo wò ó, òun náà wò mí. Síkírù wà níjòókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ṣé kí n mú ọ̀bẹ wá?" Mo ní kó fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbí. A sì ń mu tíì wa lọ.

Ìwọ tí o ń ka èyí, iṣẹ́ tí o máa yàn, mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọjọ́ kan máa wà tí ẹsẹ̀ rẹ máa jáde lórí nǹkan kan, tí kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé tìrẹ ni, àyàfi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wò ọ́ tí kò sì sọ̀rọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá sọ̀rọ̀?